Ká tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn wọ igbó: ọ̀rọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Sakété dé Kétu

 Ará Ahoyéyé ni wá. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá, Ahoyéyé jẹ́ ọ̀kan nínú àrọ́ńdísìmọ́ márùn-ún tó wà lábẹ́ kọ́múùnù Pobè: Ahoyéyé, Igana, Issaba, Towé, àti Pobè fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la gbé wá lónìí. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó wu àwọn láti gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kí àwọn fi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún rin igbó já, láìgun zémì, láìwọ mọ́tò. Wọ́n ti rí i lórí fóònù, ó sì ti wọ̀ wọ́n lójú. Àwọn àgbà kan á gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ẹni tó ní owó zémì, kí ló ń fẹsẹ̀ wá nínú igbó?” Àwọn mìíràn á bínú, wọ́n á ní ikú ni àwọn ọmọ yìí ń wá kiri. Àwa ò sí lẹ́yìn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, a ò sì sí lẹ́yìn ẹni tó ń bínú. Èrò tiwa ni pé ìrìn náà dára, ó sì yẹ ká ti àwọn ọ̀dọ́ náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbéra bí ẹni tó ń lọ sọ́jà alẹ́. Ìrìn ọ̀nà jíjìn ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì ti wà nílẹ̀ wa yìí kí mọ́tò tó dé.

Ká kọ́kọ́ mú èyí kúrò lọ́nà: ìrìn ẹsẹ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì. Kí ni àwọn alájàpá wa ń ṣe láyé àtijọ́? Àwọn ìyá tó ń gbé iyọ̀, epo pupa, èlùbọ́ àti aṣọ láti ọjà kan dé òmíràn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Wọn kì í dá rìn. Wọ́n máa ń kó ara wọn jọ, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á ti mumi, wọ́n á mọ ilé tí wọ́n á sùn sí, wọ́n á sì mọ ohun tí oníbodè máa gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà ìlú. Ẹni tó bá dé Kétu lónìí á ṣì rí ẹnubodè àtijọ́ náà, Àkàbà Ìdènà, níbi tí èrò ọ̀nà ti ń dúró kí wọ́n tó wọ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 1853, Samuel Ajayi Crowther rin ìrìn-àjò láti Abẹ́òkúta lọ sí Kétu. Kì í ṣe òun ló la ọ̀nà yẹn o. Àwọn tó ń lọ sọ́jà ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ là á sílẹ̀ dè é.

Ẹsẹ̀ náà ló sì gba ọ̀pọ̀ wa là. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó fi ààlà gba àárín wa kọjá, tí àwọn kan di ará Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn kan di ará Faransé, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí lámpò pọ̀ jù, tí iṣẹ́ ipá pọ̀ jù, tí wọ́n tún ń mú àwọn ọmọkùnrin lọ sógun, ìdílé àti abúlé lódindi kó ẹrù wọn, wọ́n fẹsẹ̀ kọjá sí apá kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ nípa èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láàárín 1889 sí 1945, tó jáde ní 1976. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí Faransé ń pè ní Holli, dìde sí ìjọba ní 1914 àti 1915, ilẹ̀ Kúmì tó jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nítorí pé àwọn mọ ọ̀nà inú rẹ̀, ọmọ ogun Faransé kò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ọmọ tó bá ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Sakété, tí àwọn àgbà ń pè ní Ìtàkété, kó gba Pobè kọjá, kó wọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, kó yọ sí Kétu, ọ̀nà bàbá rẹ̀ ló fẹ́ tọ̀. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ̀rín náà ò tilẹ̀ sí níbòmíràn mọ́. Lójú ọ̀nà Santiago ní Sípéènì, ó lé ní 400,000 èèyàn tó rin ín ní 2023 nìkan, abúlé kéékèèké tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà sì ń jẹun lára wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó gba orí òkè Appalachia kọjá, ó lé ní kìlómítà 3,500, láti ìpínlẹ̀ Georgia títí dé Maine. Ní 1955, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, ìyá ọmọ mọ́kànlá, dá rin gbogbo rẹ̀ tán. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀, àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, kò sì gbé àgọ́ dání. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe bàtà olówó ńlá tó wà nínú fídíò ló ń múni débẹ̀. Ẹ má ra ohun tí agbára yín ò ká.

Kí wá ni èrè rẹ̀ fún wa níbí? Àkọ́kọ́ ni pé a ó mọ ohun tó kù nínú ilẹ̀ wa. Igbó ńlá tó wà ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò gún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ló já, tí ọ̀dàn gba ibẹ̀, ìwọ̀nba igbó kéékèèké ló sì kù káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn ló wà ní Pobè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó ti wà níbẹ̀ láti 1922. Ọ̀bọ aláyà pupa wà nínú irú igbó báyìí, irú èyí tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà lọ. Èèyàn mélòó nínú àwa tá a bí sí Pobè àti Sakété ló ti wọ igbó yẹn rí? Orí mọ́tò la máa ń wà tí a fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e tán, èéfín nìkan la ó rí. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn ló ń mọ̀ pé ìrókò kan ti wó, pé odò kan ti gbẹ, pé ibi tó jẹ́ igbó lọ́dún tó kọjá ti di oko igi tíìkì. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rìn dé, kò sẹ́ni tó máa gbèjà rẹ̀.

Èkejì ni pé a ó mọ ara wa. Ọ̀họ̀rí wà ní apá Bẹ̀nẹ̀, Ọ̀họ̀rí wà ní Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ní oṣù kẹjọ 2019, ó lé ní ọdún kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, gbogbo wa la sì rí bí ààlà ṣe lè sọ ará ilé di àlejò. Ẹni tó bá ti sùn nílé ara rẹ̀ rí, tó ti jẹ gààrí ara rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ ààlà kò ní yára pín irú wọn níyà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí òfin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin gan-an la ń bá wí.

Òfin kìíní ni àkókò. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà ìgbà òjò. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, ilẹ̀ dúdú tó wà láàárín Pobè àti Kétu á máa lẹ̀ mọ́ bàtà, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá á ti sọ ẹsẹ̀ kan di ẹrù. Òjò kejì tún ń bọ̀ láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Oṣù Kejìlá sí oṣù kejì ló dára jù. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà ní tirẹ̀: ilẹ̀ dúdú náà á ti sán, ihò inú rẹ̀ á gba ọrùn ẹsẹ̀, omi á ti wọ́n, àwọn àgbẹ̀ á sì ti máa sun igbó. Tí ẹ bá rí èéfín níwájú tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bọ̀ sọ́dọ̀ yín, ẹ má sọ pé ẹ ó sáré kọjá. Ẹ padà, tàbí kẹ́ ẹ bọ́ sórí ilẹ̀ tó ti jó tán.

Òfin kejì ni ẹgbẹ́. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ má dín ní mẹ́ta: bí ọ̀kan bá ṣèṣe, ọ̀kan á dúró tì í, ọ̀kan á lọ wá ìrànlọ́wọ́. A ti dárúkọ ìyá àgbà tó dá rìn ní Amẹ́ríkà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà kan náà, ní 2013, obìnrin ẹni ọdún 66 kan yà kúrò lójú ọ̀nà láti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì mọ ibi tó gbà wọlé mọ́. Ó ń fi fóònù kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì kò sí, kò sí ọ̀kan tó lọ nínú wọn. Ó pàgọ́, ó sì dúró dè wọ́n fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó kú. Oṣù kẹwàá 2015 ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ojú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà lójú ọ̀nà tó ń dúró dè é, tó ń pè é, ohùn á ti mú un padà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yà sínú igbó, kó sọ. Kí ẹnì kejì dúró síbi tó ti yà, kó má kúrò níbẹ̀. Kí ẹni tó yà gbé fèrè kékeré kọ́ ọrùn.

Òfin kẹta ni kí wọ́n mọ̀ nílé. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀, ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà, abúlé tí ẹ fẹ́ sùn sí lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí ẹ ó dé. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ olórí abúlé tí ẹ ti gbéra. Ẹ jọ ṣàdéhùn pé tí a kò bá gbúròó yín di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ báyìí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín. Ẹni tí kò sọ ọjọ́ tí òun máa dé, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ó ti pẹ́?

Òfin kẹrin ni ẹrù. Láti Sakété dé Kétu lé ní kìlómítà 70, ọ̀nà tó wọ́ wá á tún fi kún un. Ẹni tó gbé ẹrù, tó ń rìn nínú oòrùn, kìlómítà 20 lójúmọ́ ti tó o. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún nìyẹn. Èèyàn kan á mu tó lítà mẹ́ta sí mẹ́rin omi lójúmọ́, lítà kan sì jẹ́ kílò kan lórí ẹ̀yìn. Ẹ kò lè gbé omi ọjọ́ márùn-ún, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kànga àti ẹ̀rọ omi wà kí ẹ tó gbéra. Omi odò, ẹ sè é kẹ́ ẹ tó mu ún. Oúnjẹ kì í ṣe ìṣòro fún ọmọ ilẹ̀ yìí: gààrí, kúlíkúlí, ẹ̀pà, àádùn, ìpékeré, wọn kì í yára bàjẹ́, wọn ò sì wúwo. Ẹ mú iyọ̀ àti ṣúgà dání fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ ìrìn. Ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ̀ ọ́ lọ sóko kó tó dọjọ́ náà, kí ẹ sì gbé àpò yẹn pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ lọ sí Pobè kẹ́ ẹ gbé e bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ìyẹn bá dá lágara, kó má tíì lọ.

Òfin karùn-ún ni ẹ̀fọn, ejò àti ìbọn. Ẹ̀fọn la kọ́kọ́ dárúkọ nítorí pé òun ló ń pa jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, Clapperton àti àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n gba ọ̀nà Ìjànná lẹ́bàá Ìlaròó kọjá, wọ́n ń lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Kí ọdún yẹn tó parí, Pearce àti Morison ti kú lójú ọ̀nà nítorí àìsàn. Ọjọ́ 23 oṣù kìíní 1826 ni Clapperton tó dé Ọ̀yọ́. Wọ́n ní owó, wọ́n ní ìbọn, wọ́n ní aláàárù, wọn kò mọ ohun tó ń fa ibà. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Kí àwọ̀n ẹ̀fọn wà nínú gbogbo àpò.

Ejò wà, paramọ́lẹ̀ wà, kò sí àní-àní. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, tọ́ọ̀ṣì lálẹ́: mẹ́ta yìí ló ń dènà rẹ̀ jù. Àjọ ìlera àgbáyé fi ejò bíbu sára àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì ní 2017, nítorí pé àwọn tálákà inú oko ló ń pa. Bó bá bu ẹnì kan, ẹ má fi abẹ ya ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn so ó pinpin. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ náà kó má mira, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ti mọ ilé ìwòsàn tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì ọ̀nà yín, kí ẹ sì ti béèrè èwo nínú wọn ló ní oògùn oró ejò, kì í ṣe lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.

Ní ti ìbọn, ọdẹ ń ṣọdẹ lóru. Ẹ má rìn lóru. Ẹ wọ aṣọ tó hàn ketekete, pupa tàbí yẹ́lò. Aṣọ àwọ̀ ewé tó dà bíi ti sójà, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Ọdẹ á pè é ní ẹtu, ọlọ́pàá á pè é ní nǹkan mìíràn.

Òfin kẹfà ni ìkíni. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí baálẹ̀ kẹ́ ẹ tó pàgọ́ sẹ́yìn abúlé ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè bóyá Orò wà níta, ẹ béèrè igbó tí wọn kì í wọ̀, ẹ béèrè oko ta ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Ẹ má já èso ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó bá wà nínú yín ní ẹ̀tọ́ láti rìn gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn alájàpá ṣe rìn, ṣùgbọ́n béèrè ọ̀rọ̀ Orò ṣáájú, kó má di wàhálà ní agogo méje alẹ́ nígbà tí kò sí ibòmíràn láti lọ. Bí ọ̀nà yín bá máa kan ààlà, ìwé àdéhùn CEDEAO tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1979 fún yín láyè láti wọ orílẹ̀-èdè kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ìrìnnà tó péye kó wà lọ́wọ́, kí ẹ sì gba ẹnubodè ìjọba kọjá. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí gbogbo wa mọ̀, ẹ má fi ìrìn fàájì tọ̀ ọ́.

Òfin keje ló ṣòro jù fún ọ̀dọ́: ìpadà. Tí ẹsẹ̀ bá bó, tí omi bá tán, tí ẹnì kan bá ń gbọ̀n, ẹ padà, tàbí kẹ́ ẹ bọ́ sí títì kẹ́ ẹ wọ zémì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kétu ò ní sá lọ.

Ẹnì kan lè bi wá pé kí ló dé tí a ò fi ní kí wọ́n lọ sí Pẹ́njárì lókè lọ́hùn-ún, níbi tí erin àti kìnnìún wà. Ibẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìgbà ti yí padà. Ní oṣù karùn-ún 2019, wọ́n jí àwọn arìnrìn-àjò ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, ìjà àwọn agbébọn ti ń yọ wá láti òkè ààlà. Ẹni tó ní bàbá àti ìyá, kó má wọ ibi tí ìjọba bá sọ pé kí wọ́n má wọ̀. Èyí gan-an wà lára ìdí tá a fi ń sọ pé ká tọ́jú ọ̀nà tiwa níhìn-ín, tó sún mọ́ ilé, tí abúlé wà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn mẹ́rì Sakété, Pobè àti Kétu, àti sí àwọn ọba àti baálẹ̀ wa, kò le. Ẹ bá wa yan ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Kí àwọn ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ tó mọ ilẹ̀ jókòó, kí wọ́n sọ ibi tí yóò gbà. Kí a fi ọ̀dà sàmì sára igi àti òkúta. Kí abúlé mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ilé kan tí èrò ọ̀nà lè sùn sí, kí wọ́n sanwó fún un, kí owó náà wà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Kí ìwé kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá kọjá á kọ orúkọ sí, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ọwọ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́nà Santiago. Òǹtẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: òun ló máa sọ fún wa ibi tí ẹni tó sọnù ti kọjá gbẹ̀yìn. Ẹ sì rántí ojú irin àtijọ́ tó wá láti Kútọnu, tó gba Àjàṣẹ́ àti Sakété kọjá dé Pobè, kìlómítà 107, tí ọkọ̀ ojú irin kì í gbà mọ́. Ibi tí ilé kò bá tíì bò mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tẹ́jú ni, ẹnikẹ́ni ò ní láti la igbó tuntun.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní a ò tíì ní omi tó tó, a ò tíì ní títì tó dára, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n àdá àti ọ̀dà kì í ṣe owó títì, kò sì sí kànga tí iṣẹ́ yìí máa dí lọ́wọ́. Wọ́n á tún ní àwọn onífàyàwọ́ á gbà á. Èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, a ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdáhùn wa ni pé onífàyàwọ́ ń fẹ́ ọ̀nà tí alùpùpù lè gbà, ó ń fẹ́ òru, ó ń fẹ́ ibi tí kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ọ̀nà tá à ń sọ yìí, ọ̀sán ni wọ́n ń rìn ín, orúkọ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, láti Sakété sí Kétu ló sì nà, kò dorí kọ ààlà. Bí àwọn ará abúlé bá sì rí i pé ó ti di ọ̀nà ìwà ibi, kí wọ́n ní àṣẹ láti tì í.

Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ti jọ gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ sọ́dọ̀ UNESCO, wọ́n sì kà á sí ohun ìní gbogbo ayé ní 2001. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló para pọ̀ ṣe ìyẹn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan láàárín kọ́múùnù díẹ̀, tí ìwọ̀nyí kan wá láti Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó lè wá bá wa rìn, kò lè ṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ. Ẹ lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lọ ní mẹ́ta, ẹ lọ pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn ará ilé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọdẹ abúlé yín kẹ́ ẹ tó béèrè lọ́wọ́ fóònù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi ẹ̀rín lé wọn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sọ ibi tí omi wà fún wọn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ̀ ń retí wọn. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.